Ewúrẹ́ Ọ̀fọ̀ tí Ìyá Ádà Fà Bá Wa Lójú Ọ̀nà

Ẹ sọ fún Ábídà kí ó gbé òòlù sílẹ̀ kí ó wọlé. Irin tó wà nínú iná lè dúró, èmi ni n kò lè dúró mọ́. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú yín. Ẹ má wulẹ̀ bu wàrà kankan fún mi, ọ̀nà ọ̀fun mi ti ń dí láti àná. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi fún ọdún méjìdínlógójì. Mo ti gbé e sùn, mo ti gbé e jí, mo ti gbé e rìn láti ibi kànga kan dé òmíràn, mo sì ń fi ẹ̀rín bò ó níwájú yín, títí ẹ fi ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ tó bá ń jà, pé, "Ẹ wo Naama, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí." Mo ṣẹ ènìyàn. Mo ṣẹ ẹni tó ṣe mí lóore jù lọ láyé, kò sì sí ẹni tó mọ̀, nítorí àwọn tí ì bá jẹ́rìí sí i kò sí mọ́. Bí mo bá kú láìsọ ọ́, ẹ ó sun ẹkún tí kò tọ́ sí mi lé mi lórí. N kò fẹ́ gbé ẹkún ẹlẹ́kún lọ sí sàréè.

Ábídà, o mọ̀ pé kì í ṣe ọmú mi lo mu dàgbà. Mo sọ fún ọ nígbà tí o wà ní kékeré pé obìnrin ará Ámálékì kan ló fún ọ lọ́mú, pé ibà ló sì pa á. Òótọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, irọ́ ni mo fi parí rẹ̀. Mátírédì ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó Séfò darandaran ni, Ìyá Ádà sì ni gbogbo àgọ́ ń pè é. Ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí, "ẹ" ni mo máa ń fi bá a sọ̀rọ̀. Lónìí mo ti dàgbà ju bí ó ṣe dàgbà tó kí ó tó kú, mo wá ń pè é ní "ó" bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àbúrò. Àwa ará Kéní pa àgọ́ tiwa sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn ní ìsàlẹ̀ Árádì nítorí kànga, àti nítorí iṣẹ́. Àwa la ń rọ irin, àwọn ló ń lò ó. N kò ní sọ fún yín pé ènìyàn mímọ́ ni wọ́n. Nígbà ìkórè, àwọn ọkùnrin wọn a gun ràkúnmí lọ sí abúlé àwọn ará òkè, wọn a kó ọkà, wọn a kó ẹran, wọn a kó ènìyàn. Bí wọ́n bá padà dé, wọn a gbé idà tó ti kú wá fún bàbá rẹ kí ó bá wọn pọ́n ọn. Ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń san án fún wa, àti aṣọ. Aṣọ tí mo fi ṣe ìyàwó ní ihò kan lábẹ́ apá òsì tí ẹnì kan ti rán pa. Mo mọ ohun tó máa ń dá irú ihò bẹ́ẹ̀ sí ara aṣọ. Mo wọ̀ ọ́ síbẹ̀, mo sì jó nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn nìkan ló jẹ nínú ìkógun náà.

Nígbà tí mo bí ọ, ibà mú mi, ọmú mi sì gbẹ bí àpò awọ tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Ìyá Ádà ti bí Ádà ní oṣù kan ṣáájú. Kò dúró kí a wá bẹ òun. Ó wọ àgọ́ mi, ó gbé ọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jókòó, ó fi ọmú ọ̀tún fún Ádà, ó fi ti òsì fún ọ, ó ní, "Ìwọ ṣáà sùn. Àwọn méjèèjì á pín in." Ọdún méjì gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, òjò ìbáà rọ̀, ìyanrìn ìbáà máa fẹ́. Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ títí ọpẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí korò lẹ́nu mi. Nítorí nígbà tí o fọhùn, òun lo pè ní "Ìyá." Èmi, "Ìyá Ábídà" lo ń pè mí, bí o ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aládùúgbò. Ọmọ tí mo bí ń fi orúkọ ara rẹ̀ pè mí bí ẹni ń kí àlejò. Gbogbo àgọ́ rẹ́rìn-ín títí. Séfò a máa ní, "Ìyá Ábídà, ọkọ ẹ kékeré ń kí ẹ o." Èmi náà a rẹ́rìn-ín. Bí o bá ṣubú, o máa sáré kọjá lára mi lọ bá a. Bí ara rẹ bá gbóná, ọrùn rẹ̀ lo máa dì mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ̀yin lẹ mọ bí ó ṣe ń rí kí ọmọ ẹni sáré kọjá lára ẹni.

Ní ọdún kẹta rẹ, nígbà tí a ti rẹ́ irun àgùntàn tán, ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ láti òkè wá sí àgọ́ wa. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ tún dòjé ṣe, ó wọ àgbẹ̀dẹ bàbá rẹ, níbi tí àwọn àgbààgbà wa jókòó sí. Ó mu wàrà, ó nu ẹnu, ó wá jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó ní ọba àwọn ti kó ogun jọ sí Ámálékì nítorí ọ̀ràn àtijọ́, ti ìgbà tí àwọn baba wọn ń bọ̀ láti Íjíbítì tí Ámálékì yọ sí wọn lẹ́yìn, tí wọ́n ń pa àwọn aláàárẹ̀ tó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí àwọn kò ní dá ẹnikẹ́ni sí, títí kan ọmọ ọmú. Ṣùgbọ́n àwọn baba tiwa ṣe tiwọn lóore lójú ọ̀nà kan náà, ọba kò sì gbàgbé. Kí a jáde kúrò láàrin wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́. Iṣẹ́ tó jẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wà lẹ́yìn aṣọ àgọ́ níbi tí mo ti ń fi ewìrì fẹ́ná, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí a jáde. Kò ní kí a má sọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, àwa la fi kún un fúnra wa.

Hámátì, bàbá rẹ, kì í ṣe ènìyàn búburú. Nígbà tí mo bi í pé àwọn Ìyá Ádà ńkọ́, kò lè wò mí lójú. Ó ní tí a bá sọ ọ́ fún ẹnì kan, a ti sọ ọ́ fún gbogbo Ámálékì nìyẹn, wọn yóò kà wá sí amí, wọn yóò sì fi idà tí òun fọwọ́ ara òun pọ́n pa wá kí ogun tó dé. Òótọ́ ni. Wọn ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Naama, ọmọ kan la ní." Ó mú mi lọ sídìí owú tó fi ń rọ irin, ó gbé ọwọ́ mi lé e, ó ní kí n búra pé ẹnu mi kò ní tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo búra. Ẹ̀yin ọmọ, bí ó bá jẹ́ ìbẹ̀rù yẹn nìkan ló wà níbẹ̀, n kò ní pè yín jọ lónìí. Ẹni tí ẹ̀rù bà tó dákẹ́, ayé lè foríjì í. Ẹ gbọ́ ìyókù ná.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a tú àgọ́. Mẹ́ta tó ti gbó la fi sílẹ̀ ní ìdúró, kí ó lè dà bí ẹni pé a ń padà bọ̀. Ìyá Ádà rí wa, ó wá bi mí pé kí ló dé, kànga kún, koríko wà, ta ní ń ṣí àgọ́ nírú àsìkò yìí. Mo ti ro irọ́ náà sílẹ̀ láti àárọ̀. Mo sọ fún un pé bàbá ọkọ mi ló kú ní Árádì, pé olórí ìdílé wa ni, gbogbo wa ló sì ń lọ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Bàbá náà wà láyé nígbà náà, eyín rẹ̀ pé, ó ń jẹ egungun. Ìyá Ádà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tú irun rẹ̀, ó sì sunkún fún bàbá tí ó rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó bá mi wí pé n kò tètè sọ, òun ì bá ti yan nǹkan tí a ó máa jẹ lọ́nà. Mo ní ìròyìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Irọ́ rọrùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà bí omi. Nígbà tí ó tó àsìkò láti lọ, o kò fi ọrùn rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo ń ṣí ìka rẹ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

A rìn títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Àwọn ará wa ti ṣíwájú, nítorí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tiwa ló ru owú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo nínú ìyanrìn. Bàbá rẹ fi èmi àti ìwọ sílẹ̀ lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún kan nínú àfonífojì gbígbẹ, kí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lè sinmi, ó ní òun fẹ́ lọ bu omi wá níwájú. Ibẹ̀ la wà tí mo rí ẹnì kan tó ń tọ ipasẹ̀ wa bọ̀ láti ẹ̀yìn, òun nìkan, ó pọn nǹkan, ó sì fa nǹkan lọ́wọ́. Ìwọ lo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. O ti ń sáré kí n tó dìde. Ìyá Ádà ni. Ó pọn Ádà, ó fa ewúrẹ́ kan lókùn, ó di èso dàbínù gbígbẹ sínú aṣọ, ó gbé e rù. Ó ti rìn láti òwúrọ̀, ètè rẹ̀ ti funfun.

Ó ní, "Ìyá Ábídà, ṣé báyìí lẹ ṣe ń lọ ilé ọ̀fọ̀ lọ́wọ́ òfo?" Ó sọ fún mi pé nígbà tí a lọ tán, òun kò lè jẹun. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ mu nínú ọmú òun ń lọ ṣọ̀fọ̀, òun kò sì fi nǹkan kan lé e lọ́wọ́. Kí ni wọn yóò máa sọ nípa àwọn ní Árádì? "Wọ́n á ní àwa ará Ámálékì ò mọ̀ ju ká gba tọwọ́ èèyàn lọ." Ó rẹ́rìn-ín sí i fúnra rẹ̀. Ewúrẹ́ ọlọ́mú ni, èyí tó dára jù nínú tirẹ̀, ó ní ìlà méjì ní etí òsì, àmì ilé Séfò. N kò lè gbé ojú sókè. Mo gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ lórúkọ òkú tí kò kú.

A jókòó. A jẹ nínú dàbínù. O gun orí itan rẹ̀, Ádà ń fà ọ́ létí, ẹ̀yin méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí ewé gbígbẹ tí atẹ́gùn ń gbá. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sára ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

"Ṣé irin lẹ fẹ́ lọ máa rọ nílé òkú ni?" Àwàdà ló fi ṣe.

Mo ní, "Hámátì ló ní kò dáa ká fi sílẹ̀. Ẹ̀rù olè ló ń bà á."

"Olè wo, tí Séfò wà níbẹ̀?"

Ó wo owú náà. Ó wo àwọn igi àgọ́ tí a dì mọ́ ọn, àti ọlọ, àti ibùsùn rẹ. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi. Ẹ rántí pé ọmọ àwọn tó ń jagun ni. Láti kékeré ló ti mọ bí ilé ṣe máa ń rí nígbà tí àwọn onílé bá ti gbọ́ pé nǹkan ń bọ̀. Ó fi ọwọ́ tẹ́ irun Ádà, ó ń tẹ́ ẹ, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó ni ẹlòmíràn lára: "Oòrùn mú wa púpọ̀. Jẹ́ ká sùn tì yín mọ́jú. Màá padà láàárọ̀."

Ẹ wò ó bí mo ṣe wà. Mo ti búra pé n kò ní sọ, Ìyá Ádà kò sì ní kí n sọ. Ẹni tó gbé ọrẹ ọ̀fọ̀ tẹ̀lé ènìyàn rìn láti òwúrọ̀, àṣà ni pé kí ó sùn kí ó tó padà, kò sí ará Kéní kan tí ì bá bi mí léèrè. Hámátì gan-an ì bá dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀. "Ó dáa" ni gbogbo ohun tí mo nílò láti sọ. Gbólóhùn kan péré, ìbúra mi kò ní bàjẹ́, ilẹ̀ ọjọ́ kẹta yóò sì mọ́ bá òun àti ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó wà lẹ́nu mi. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí ọ lórí itan rẹ̀, o gbé orí lé àyà rẹ̀, o fẹ́ sùn. Mo mọ̀ nígbà náà pé bí ó bá sùn lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà, kò ní ibòmíràn tí yóò padà sí mọ́ láyé. Abẹ́ àgọ́ mi ni yóò máa gbé, òun ni ìwọ yóò sì máa pè ní Ìyá títí n ó fi kú.

Mo ní, "Rárá, Ìyá Ádà. Oòrùn ṣì wà lókè. Ẹ máa lọ, ẹran yín ò ní olùṣọ́."

Kò bẹ̀ mí. Ì bá jẹ́ pé ó bẹ̀ mí ni, bóyá ọkàn mi ì bá yí padà. N kò mọ̀. Mo ti bi ara mi títí. Ó dìde, ó pọn Ádà, ó so ọ̀já rẹ̀ le, ó wá gbé ọ nílẹ̀, ó sì fi ọ́ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Gba ọmọ ẹ." Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí fún ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí òun gan-an ni mo pè yín fún: inú mi dùn. Mo mọ ibi tó ń lọ, mo mọ ohun tó ń dúró dè é níbẹ̀, mo mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀, inú mi sì dùn pé ọwọ́ mi lo wà. Ó gba ipasẹ̀ ara rẹ̀ padà, kò wẹ̀yìn. Ádà ló ń wẹ̀yìn, ó ń juwọ́ sí ọ. O ké títí ohùn rẹ fi lọ.

Ogun dé pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kẹta náà. Árádì la wà nígbà tí a gbọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Ìyá Ádà padà, Hámátì ti pa ewúrẹ́ náà, nítorí a kò ní ẹran lọ́nà. Mo purọ́ fún un pé Séfò ló fi ránṣẹ́. O jẹ nínú rẹ̀, o lá ọwọ́. Obìnrin náà ṣì ń rìn lọ sílé nígbà náà, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, a sì ti ń jẹ ẹran ọ̀fọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún àwọn ọmọ ogun da ẹran tí wọ́n kó kọjá lẹ́bàá kànga Árádì lọ sí òkè. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú ládugbó omi lórí. Mo rí àwọn ewúrẹ́ tó ní ìlà méjì létí òsì, wọ́n ń kọjá, wọ́n ń ké, ọmú wọn ti wú nítorí kò sí ẹni tó fún wàrà wọn. Mo bu omi fún ọmọ ogun kan tó béèrè. Ó kí mi, ó ní orí wa dára pé a tètè jáde.

Odidi ọdún kan lo fi ń béèrè rẹ̀. O máa jí lójijì, o máa rìn yí àgọ́ po, o máa wo ojú gbogbo obìnrin. Mo sọ pé ibà pa á, pé ó ti lọ, pé kí o yé sunkún. Nígbà òjò kejì, ẹ̀gún gún ọ lẹ́sẹ̀, o sáré wá bá mi, o ní, "Ìyá." Mo ti rò pé ọjọ́ náà ni n ó jó. Mo yọ ẹ̀gún náà, mo lọ sí ẹ̀yìn àgọ́, mo bì. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí o bá pè mí bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbọ́ ẹni tí o ń pè.

Àwọn ará òkè sọ pé Ọlọ́run wọn ló pàṣẹ ogun náà. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ ni mí, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́ ọba. Ámálékì ṣe ibi, àwa pọ́n idà fún wọn, àwọn ará òkè gbẹ̀san. Ẹni tó lè tú u, kí ó tú u. Tèmi kò sí nínú rẹ̀. Kò sí ọba tó rán mi ní iṣẹ́ kankan lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún yẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ìparun bá ń bọ̀ sórí ilé tó kángun sí tiyín, tí wọ́n sì ní kí ẹ̀yin jáde, ẹ jáde, ẹ má kú pẹ̀lú ẹni tí ẹ kò lè gbà. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ọkàn yín wò nígbà tí ẹ bá ń pa ẹnu mọ́. Ìbẹ̀rù ńlá máa ń fi aṣọ bo nǹkan kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, nǹkan kékeré náà ló sì ń pani.

Ábídà, n kò ní kí o foríjì mí nítorí Mátírédì, tàbí nítorí Ádà. Ìdáríjì yẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ, ó ti bá wọn lọ. Èyí tó jẹ́ tìrẹ ni mo ń tọrọ: pé mo gba ìyá rẹ lọ́wọ́ rẹ, mo sì jókòó sí àyè rẹ̀. Má dá mi lóhùn báyìí. Mo rí i pé o ti ń dìde. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má di apá rẹ̀ mú, ẹ má sì sọ fún un pé ó ti pẹ́. Ẹ ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè fún un. Ó ní ẹkún kan tó ti há sí i lọ́fun láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ó lọ sun ún.